Ta Ló Pè É Dé Ẹ̀yìn Mi?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ìyá mi kékeré, ẹni tí ó tẹ̀lé ìyá tó bí mi lọ́mọ, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí ó ti ń dín àkàrà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, ó yí ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, ó sì fi ìka kan ibì kan ní agbede-méjì eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní: "Àjàní, ìwọ tí o kàwé, là mí lóye. Wọ́n ti gé ọyàn náà ní Àjàṣẹ́, àpá rẹ̀ nìyí. Báwo ló ṣe wá rìn dé ẹ̀yìn? Ta ló pè é?"

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá béèrè pé ta ló pe àìsàn kì í sọ̀rọ̀ nípa èròjà ara. Èèyàn ló ń wá. Mo mọ orúkọ ẹni tó wà lọ́kàn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo bá rẹ́rìn-ín, yóò dà bí ẹni pé mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, síbẹ̀ mi ò rí gbólóhùn mẹ́ta tó dúró ṣinṣin tí mo lè sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ wò ó wá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé lórí jẹjẹrẹ ọyàn àti bí ó ṣe ń rìn, mo sì ti wá rí i pé ìbéèrè rẹ̀ gún régé ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n pè é lóòótọ́. Orí ẹni tó pè é nìkan ni èmi àti ìyá mi kékeré ti yà síra.

Kókó inú ọyàn, bí ó bá dúró síbi tó ti hù, kì í sábà pani, nítorí ọyàn kọ́ la fi ń mí, òun kọ́ la sì fi ń ronú. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ abẹ̀mí tó para pọ̀ di ara, bá ṣí lọ sí eegun, sí ẹ̀dọ̀fóró, sí ẹ̀dọ̀ tàbí sí ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ di ti ikú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣí lọ wọ̀nyí ló sì ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí jẹjẹrẹ ń pa. Mo máa ń rò ó pé orúkọ tí àwa Yorùbá fún àìsàn náà fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀: jíjẹ ló sọ, kò sọ rírìn.

Sẹ́ẹ̀lì kò ní ojú, kò sì ní etí. Bí yóò bá rìn, nǹkan kan gbọ́dọ̀ sọ fún un pé kí ó rìn, apá ibi tí yóò kọjú sí, àti ìgbà tí yóò dúró. Àwọn purotéènì (èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe, tó sì fi ń ṣiṣẹ́) tí mo ń pè ní ajíṣẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, mi ò sì rí ohun tó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn tó àrokò àwọn baba wa. Bí ẹnìkan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà sókùn ránṣẹ́ sí ọ, ó ń sọ pé ọkàn òun fà mọ́ ọ, nítorí ẹ̀fà ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ní ẹ jọ jẹ́ ọ̀kan, nítorí ẹ̀jọ ni. Okùn náà kò lẹ́nu. Iye owó ẹyọ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe dojú wọn kọra ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n kà yóò rò pé owó lásán ni wọ́n kó fún òun.

Purotéènì ajíṣẹ́ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní ìrísí tirẹ̀, ó ń léfòó nínú omi tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, kò sì já mọ́ nǹkan kan lójú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ohun tí yóò fi gbà á. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ní in, purotéènì mìíràn ló dúró lára awọ rẹ̀, bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan sí yàrá tó fi ìkejì sí ìta. Bí ajíṣẹ́ bá ti bọ́ sí apá tòde, apá tinú a yí ìrísí padà, a lẹ èròjà fọ́sífeètì mọ́ purotéènì tó wà nítòsí lára, onítọ̀hún a sì ṣe ohun kan náà sí ẹlòmíràn, títí iṣẹ́ náà yóò fi dé ibi tó ń lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ajíṣẹ́ tí a kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa ni EGF. Stanley Cohen ló rí i: ó fa omi kan jáde láti inú ẹ̀yà ara tó ń sun itọ́ lára eku, ó gún un fún àwọn ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ojú wọn sì là ṣáájú ọjọ́ tó yẹ kó là. Ní 1986 ni wọ́n fi Ẹ̀bùn Nobel dá òun àti Rita Levi-Montalcini lọ́lá. Ajíṣẹ́ kan náà tó la ojú ọmọ eku ṣáájú àkókò yìí ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn lè gbọ́, kí ó sì dìde.

Ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní yunifásítì ní Calavi ni mo kọ́kọ́ rí sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn, nínú fíìmù tí olùkọ́ wa fi hàn wá lára ògiri. Wọ́n ti sin sẹ́ẹ̀lì sínú àwo pẹlẹbẹ títí wọ́n fi so mọ́ra bí ẹní, wọ́n wá fi ṣóńṣó ọ̀pá tín-ín-rín kan ha àárín wọn, wọ́n sì ń ya fọ́tò ojú ibi tí wọ́n ha náà léraléra fún odidi ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ìṣẹ́jú kan, ńṣe ni etí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́bàá àlàfo ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí a sá sórí okùn nígbà ọyẹ́. Wọ́n nà síwájú, wọ́n súnkì, wọ́n tún nà. Nígbà tó yá, ìhà méjèèjì pàdé, wọ́n fara kanra, wọ́n sì dúró. Michael Abercrombie ti kíyè sí ìdúró yẹn láti àwọn ọdún 1950: sẹ́ẹ̀lì tó bá kan ẹnìkejì rẹ̀ a ṣíwọ́ rírìn sí apá ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ wa fi fíìmù kejì sí i, níbi tí wọ́n ti kó sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ti èyí tí ara rẹ̀ dá. Jẹjẹrẹ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Abẹ́ àwọn tó bá lọ́nà ló ń wọ́ gbà kọjá.

Ta ló ń pàṣẹ fún etí tó ń fẹ́ bí aṣọ yẹn? Ní 1992, Anne Ridley àti Alan Hall, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún purotéènì sínú sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n fún ní Rac, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Èyí tí wọ́n fún ní Rho, okùn líle la inú rẹ̀ kọjá, ó sì di ilẹ̀ mú. Ní 1995, Catherine Nobes àti Hall fi hàn pé ẹ̀kẹta wọn, Cdc42, ló ń yọ ìka wẹ́wẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tọ́ ọ̀nà wò. Ẹbí kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá gbé èròjà tí ń jẹ́ GTP lọ́wọ́, wọ́n jí; bí ó bá yí padà di GDP, wọ́n sùn. Àwọn purotéènì kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti jí wọn, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti fi wọ́n sùn, ìdí nìyẹn tí àrokò tó dé ẹnu ọ̀nà fi lè jí Rac níwájú sẹ́ẹ̀lì, kí Rho sì máa fún ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, nínú ohun tí gbogbo gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 míkírómítà lọ, ẹgbẹ̀rún míkírómítà ló sì wà nínú mìlímítà kan. (Ọ̀rọ̀ náà lọ́ pọ̀ ju báyìí lọ, nítorí Rho máa ń jí níwájú náà nígbà mìíràn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a fi í síbẹ̀.)

Ìdìmú ni ìdajì yòókù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ adẹ́mu. Igbà rẹ̀ ló yí òun àti igi ọ̀pẹ ká. Bí yóò bá gòkè, yóò fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ igi, yóò sún mọ́ ọn kí igbà lè dẹ̀, yóò sọ ọ́ sókè, yóò sì tún fẹ̀yìn tì í kí ó lè fún. Bí igbà bá fún títí, adẹ́mu ò ní kúrò lójú kan. Bí ó bá dẹ̀ títí, yóò já bọ́. Purotéènì integrin, tí Richard Hynes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ lórúkọ ní 1986, ni igbà sẹ́ẹ̀lì: ó di okùn inú sẹ́ẹ̀lì mú lápá kan, ó di àwọn fọ́nrán tó wà lóde mú lápá kejì. Níbi tí ìdìmú bá ti le jù, sẹ́ẹ̀lì a dúró gbagidi. Níbi tí kò bá sí rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yọ̀. Agbede-méjì ló ti ń yára jù. Àwọn tó ń ṣọ́ fífún àti dídẹ̀ igbà náà ni purotéènì méjì, FAK àti Src. Ibi tí integrin bá ti di nǹkan mú ni wọ́n ń pàdé sí, wọ́n ń gbé iṣẹ́ ibẹ̀ wọ inú, wọ́n sì ń mú kí ìdìmú tó ti gbó tú kí tuntun lè so níwájú. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, wọ́n pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kí wọ́n kọ̀ láti sùn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ló ń sá o. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ń wọ́ báyìí kì í sábà lọ tó míkírómítà kan ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá ní ìdajì rẹ̀ ló ń lọ, yóò gbà á ní nǹkan bí wákàtí 33 kí ó tó rin mìlímítà kan. Kò sí bí ó ṣe lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ọyàn dé eegun ẹ̀yìn. Ohun tó ń wọ́ lọ bá ni òpó ẹ̀jẹ̀ tàbí òpó omi ara tó bá wà nítòsí. Bí ó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e.

Src yìí ní ìtàn tí mo fẹ́ràn. Ní 1911, Peyton Rous, ní New York, kọ̀wé pé òun sẹ́ omi inú kókó adìẹ kan títí kò fi ku sẹ́ẹ̀lì kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ tí omi náà ṣì ń mú kí kókó hù lára adìẹ mìíràn. Fáírọ́ọ̀sì ni. Wọ́n kò fún un ní Ẹ̀bùn Nobel títí di 1966, nígbà tí ó ti di arúgbó. Src ni wọ́n pe ohun tó wà nínú fáírọ́ọ̀sì náà tó ń dá jẹjẹrẹ sílẹ̀, gbogbo ayé sì rò pé àjèjì ni. Ní 1976 ni Michael Bishop, Harold Varmus àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí i pé Src wà lára adìẹ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí fáírọ́ọ̀sì kankan kò kàn rí. Ara adìẹ ni fáírọ́ọ̀sì ti jí i gbé. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, òwe tí ìyá mi kékeré fi ń ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn sọ sí mi lọ́kàn, pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó gba òwe náà sí ilé ìyàwó ọkọ rẹ̀. Èmi gbà á sí ibi tó tún sún mọ́ ọn ju ìyẹn lọ.

Nítorí kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí mo dárúkọ tí jẹjẹrẹ dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá gé mi níka, Rac àti Rho ni yóò mú kí awọ rìn wá pàdé. Nígbà tí a wà nínú oyún, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì wa ló tú kúrò lẹ́gbẹ́, tó rìn jìnnà, tó sì lọ di ẹran ojú tàbí fọ́nrán iṣan níbi tí a kò bí i sí. Purotéènì kan wà, E-cadherin, tó ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ mọ́ra bí ìgbà tí a hun ẹní. Kí ọ̀kan tó lè jáde, E-cadherin gbọ́dọ̀ dínkù. Ajíṣẹ́ tó sábà ń mú iṣẹ́ yẹn wá ni TGF-beta: ó ń jí purotéènì mìíràn, Snail, Snail a sì pa E-cadherin mọ́ lẹ́nu. Bí oyún ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ náà sì ṣe ń ṣe é nìyẹn. TGF-beta ló sì ń dà mí lójú rú jù nínú gbogbo wọn, nítorí níbẹ̀rẹ̀ kókó, òun gan-an ló ń dá sẹ́ẹ̀lì lẹ́kun pé kí ó má pọ̀ mọ́; bí kókó bá ti dàgbà tí ó sì ti kọ etí ikún sí ìdálẹ́kun yẹn, ohùn kan náà ni yóò máa gbọ́ bí àṣẹ pé kí ó dìde kí ó máa lọ.

Ẹni tó bá dé Kétu rí yóò ti rí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè tí odi ìlú kù sí. Ọyàn náà ní odi tirẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi purotéènì hun, tó yí àwọn òpó wàrà ká. Jẹjẹrẹ tí kò tíì la odi yẹn kọjá, iṣẹ́ abẹ nìkan lè mú un tán. Láti la á, àwọn sẹ́ẹ̀lì ń tu èròjà kan tí ń gé fọ́nrán, tí wọ́n ń pè ní MMP. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn oníṣègùn rò pé bí àwọn bá rí oògùn tó lè dá MMP dúró, ìrìnàjò náà parí. Wọ́n fún àwọn aláìsàn, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìdí pọ̀, àmọ́ ọ̀kan tí wọ́n rí lẹ́yìn náà ni pé sẹ́ẹ̀lì kan tí a bá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lè yí ìrìn padà: yóò ká ara rẹ̀ jọ róbótó, Rho yóò fún un pọ̀, yóò sì fún ara rẹ̀ gba inú ihò tó wà láàárín fọ́nrán láìgé ọ̀kankan. Odi Kétu náà ṣe gudugudu méje, síbẹ̀ Dàhọ̀mì wọlé ní 1886.

Kò sì ń dá nìkan rìn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn ń tu àrokò kan, CSF-1, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú àwọn aṣọ́ra wa, ìyẹn àwọn tí ń jẹ kòkòrò àrùn, ń gbọ́. Àwọn aṣọ́ra náà ń tu EGF padà fún un. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sìn ara wọn lọ sẹ́bàá òpó ẹ̀jẹ̀, ọdẹ àti olè.

Mo ń bọ̀ sórí ẹ̀yìn ìyá mi kékeré. Ní 1889, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Stephen Paget, ka àkọsílẹ̀ òkú obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọyàn pa, ó sì béèrè ìdí tí ẹ̀dọ̀ àti eegun fi ń gba ti wọn ju bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbé nǹkan káàkiri lọ. Ó ní irúgbìn ń fọ́n káàkiri, àmọ́ ilẹ̀ tó bá bá a mu nìkan ló ń hù sí. Àgbẹ̀ kankan ní Kétu kò ní bá a jiyàn. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ Paget ni ohun tó mú ilẹ̀ kan bá irúgbìn mu, ìyẹn ló sì dé ní 2001, nígbà tí àwọn olùwádìí fi hàn nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn ní agbaṣẹ́ kan lára, ìyẹn ohun tó fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ajíṣẹ́, tí ń jẹ́ CXCR4, àti pé ajíṣẹ́ tó bá a mu, CXCL12, pọ̀ gan-an nínú mùdùnmúdùn eegun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti kókó omi ara tó wà lára gbogbo èèyàn. Eegun kò pe jẹjẹrẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń bí ẹ̀jẹ̀ ni eegun ń fi CXCL12 pè pé kí wọ́n dúró sílé. Ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè náà ló dáhùn.

Nígbà tó bá dé ibẹ̀, ó lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá jí, òun náà yóò pàrokò tirẹ̀: yóò tu purotéènì kan tó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ eegun túbọ̀ jẹ ẹ́. Inú eegun ni TGF-beta pọ̀ sí bí owó inú kòlòbó. Bí wọ́n bá ti ń jẹ eegun, TGF-beta ń tú jáde, jẹjẹrẹ á gbọ́, á sì tún pàrokò mìíràn. Ìrora tó wà lábẹ́ ìka rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí sẹ́ẹ̀lì tó dá a sílẹ̀ ti kúrò lọ́yàn kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ sí i, nítorí kókó náà ti wà níbẹ̀ fún ju ọdún kan lọ. Ní ilé ìwòsàn kékeré tó kọ́kọ́ lọ, wọ́n ti sọ fún un pé wàrà ló dì, ó sì ti bọ́ ọmọ lọ́yàn gbẹ̀yìn láti bí ogún ọdún. Inú mi kò tíì rọ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìbéèrè rẹ̀ ni mo padà lọ bá a. Ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Mo mú horo mẹ́fà, mo tò wọ́n sórí àpótí, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí ó mọ àrokò jù mí lọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìsọ nǹkan kan títí mo fi dé orí eegun.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó rán an, àbí?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rán an, Ìyá kékeré. Ara yín ló ń ránṣẹ́ síra rẹ̀, ó sì gbọ́."

Ó dákẹ́. Ó kó horo ẹ̀wà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, ó sì dà wọ́n padà sínú atẹ. "Oògùn oníhóró tí wọ́n kọ fún mi ńkọ́? Ṣé etí rẹ̀ ló ń dí?"

Tamoxifen ló ń sọ, èyí tó ń jókòó síbi tí ó yẹ kí èròjà obìnrin tí ń jẹ́ estrogen jókòó sí nínú sẹ́ẹ̀lì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, etí kan ló ń dí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, àti pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún un ní Àjàṣẹ́ ló ń dá àwọn tí ń jẹ eegun dúró.

Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun, kì í ṣe apá, kí n gbé atẹ kúrò lójú ọ̀nà kí n wá bá òun fẹ́ iná.